Bí A Ṣe Ń Dín Sóyà Kù Nínú Oúnjẹ Bróílà Tí Adìyẹ Kò Fi Ní Rù

Bí ẹ bá bi àwa tó ń po oúnjẹ adìyẹ fúnra wa léèrè pé báwo la ṣe ń mọ fíníṣà tó dára, ìyẹn oúnjẹ tí bróílà (adìyẹ ẹran) ń jẹ kẹ́yìn kí a tó tà á, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ sọ ni pé púrótéènì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé 20%. Àwọn tó ń ta oúnjẹ inú àpò mọ̀ pé ibẹ̀ lojú wa ń lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò. Nítorí 20% yẹn la ṣe ń da sóyà sí i kódà nígbà tó bá wọ́n gógó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé púrótéènì fíníṣà rẹ̀ wálẹ̀ láti 20 sí 18, tó fẹ́ fi ìwọ̀nba methionine, lysine àti threonine (mẹ́ta lára àwọn ẹyọ tó para pọ̀ di púrótéènì) dí àlàfo tó bá yọ, tí kò sì fẹ́ kí adìyẹ rẹ̀ fúyẹ́ lọ́jọ́ títà, òun ni mo kọ èyí fún. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Ìṣirò àti òṣùwọ̀n ló sábà máa ń gbé àwa oníkékeré ṣubú níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ oúnjẹ inú àpò lẹ ń rà, ẹ má fi nǹkan kan kún un, wọ́n ti ṣe ìṣirò tiwọn. Tó bá jẹ́ concentrate (àpòpọ̀ púrótéènì àti èròjà mìíràn tí wọ́n ti pò sínú àpò) lẹ fi ń po àgbàdo, ẹ ka ara àpò rẹ̀ ná, nítorí ó ṣeé ṣe kí methionine àti lysine ti wà nínú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ohun tí adìyẹ ń wá nínú sóyà

Púrótéènì kì í wọ ara adìyẹ lódidi. Inú ìfun ló ti máa ń tú sí ẹyọ ẹyọ tí à ń pè ní amino acid, nǹkan bí ogún oríṣi, adìyẹ á sì fi wọ́n kọ́ ẹran àyà, ìyẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Nǹkan bí ìdajì wà nínú wọn tí adìyẹ lè ṣe fúnra rẹ̀. Ìdajì tó kù, àfi kó gba ẹnu wọlé.

Nínú oúnjẹ tó dá lórí àgbàdo àti sóyà, methionine ló máa ń kọ́kọ́ já kulẹ̀. A máa ń ka cystine, amino acid mìíràn, pọ̀ mọ́ ọn, nítorí adìyẹ lè fi methionine ṣe cystine, ṣùgbọ́n kò lè fi cystine ṣe methionine. Lysine ló tẹ̀lé e, threonine ló ṣe ìkẹta. Ọ̀rọ̀ náà dà bíi ti télọ̀ tó ní aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá nílẹ̀, tí bọ́tìnì ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ṣẹ́ẹ̀tì méje lọ. Méje náà ni yóò rán parí, bó ti wù kí aṣọ pọ̀ tó.

Adìyẹ kò sì ní ibi tó lè kó amino acid tó ṣẹ́kù pamọ́ sí. Ẹ̀dọ̀ á yọ náítírójìn inú rẹ̀ kúrò, kíndìnrín á tì í síta, òun ni nǹkan funfun tí ẹ máa ń rí lórí ìgbẹ́ adìyẹ. Iṣẹ́ yìí ń jẹ agbára, ó ń mú ara adìyẹ gbóná, ó sì ń mú kó mu omi ju bó ṣe yẹ lọ. Omi náà á padà sórí pákó fífá tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ á rin, amóníà á máa ta wá lójú bí a bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ adìyẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dégbò. Bí púrótéènì oúnjẹ bá ti 20 bọ́ sí 19, tí amino acid sì pé, náítírójìn tó ń bá ìgbẹ́ jáde máa ń fi nǹkan bí 8 sí 10% dínkù. Ní oṣù kejì sí oṣù kẹrin, nígbà tí ooru bá mú, mo ka èrè yìí sí ju owó sóyà gan-an lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó wà nínú èròjà yín

Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí wá láti inú tábìlì tí National Research Council ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1994. Kílò tó wà nínú kílò 100 èròjà kọ̀ọ̀kan ni.

Àgbàdo: púrótéènì 8.5, lysine 0.26, methionine pẹ̀lú cystine 0.36, threonine 0.29.
Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀: púrótéènì 44, lysine 2.69, methionine pẹ̀lú cystine 1.28, threonine 1.72.
Wheat offal (èèpo àlìkámà): púrótéènì 15.7, lysine 0.61, methionine pẹ̀lú cystine 0.55, threonine 0.52.

Ẹ ṣàkíyèsí pé sóyà olóròóró tí a kàn yan, tí a sì lọ̀, kò tó èyí. Púrótéènì rẹ̀ kì í sábà ju 37 tàbí 38 lọ, lysine rẹ̀ náà sì kéré sí 2.69 yẹn. Ẹni tó bá ń lo irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ da nọ́ńbà méjèèjì pọ̀.

Kéèkì ẹ̀pà ló ń tan wá jẹ jù. Púrótéènì rẹ̀ lè tó 42 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbẹ̀ á wò ó pé ẹgbẹ́ sóyà ni, á fi kílò 10 rẹ̀ rọ́pò kílò 10 sóyà nínú kílò 100 oúnjẹ. Púrótéènì kò ní yí padà tó ohun tó ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n lysine kéèkì ẹ̀pà wà ní nǹkan bí 1.5, ti sóyà jẹ́ 2.69. Pàṣípààrọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti gbé nǹkan bí gíráàmù 120 lysine kúrò nínú oúnjẹ, ó sì máa gba nǹkan bí gíráàmù 150 lysine inú àpò kó tó padà sípò. Adìyẹ á máa jẹun dáadáa, àyà rẹ̀ kò ní kún, olóko á sì máa sọ pé àwọn tó ta ọmọ adìyẹ fún òun ló rẹ́ òun jẹ. Ká má tíì sọ ti ìbu tó máa ń wà lára kéèkì ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa, májèlé ẹ̀dọ̀ pọ́ńbélé ni.

Ẹja lílọ̀ ní lysine àti methionine gan-an, bó bá jẹ́ ẹja ni. Ilé àyẹ̀wò kì í wọn púrótéènì fúnra rẹ̀. Náítírójìn ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 6.25. Ẹni tó bá da ajílẹ̀ yúríà díẹ̀ sínú yanrìn àti orí ẹja, èsì àyẹ̀wò rẹ̀ á dára ju ti olóòótọ́ lọ. Ní tèmi o, bí kò bá sí ẹni tí mo fọkàn tán tó ń tà á, mo fẹ́ràn kí n po oúnjẹ láìsí ẹja, kí n sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Sóyà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Èyí tí kò yan dénú ṣì ní èròjà tó ń dí ìfun lọ́wọ́ láti tú púrótéènì, ẹ sì lè gbọ́ òórùn ẹ̀wà tútù lára rẹ̀. Èyí tó jóná, tó dúdú, lysine rẹ̀ ti so mọ́ ṣúgà inú sóyà, adìyẹ kò ní lè yọ ọ́ lò, bẹ́ẹ̀ ilé àyẹ̀wò á ṣì kọ 44 sí i. Àwọ̀ iyanrìn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ àti òórùn ẹ̀pà yíyan ni kí ẹ wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ibi tí ẹ ń lọ

Fún fíníṣà, ìyẹn láti bí ọ̀sẹ̀ kẹrin títí di ọjọ́ títà, ibi tí èmi máa ń fojú sùn nínú kílò 100 oúnjẹ nìyí: lysine kílò 1.10, methionine pẹ̀lú cystine 0.83, threonine 0.73. Tábìlì 1994 yẹn kò béèrè ju lysine 1.00 lọ fún ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, ṣùgbọ́n bróílà ìgbà yẹn kọ́ la ń sìn báyìí. Ìwé ìlànà tí àwọn tó ń bí Ross àti Cobb, oríṣi bróílà méjì, ń tẹ̀ jáde ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gbé e sókè bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Lysine la fi ń ṣe òpó. Bí lysine bá jẹ́ 100, methionine pẹ̀lú cystine máa wà ní nǹkan bí 75, threonine 66, valine 76, arginine 105 (amino acid ni àwọn méjì yìí náà). Bí ẹ bá mọ èyí, nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ nílò láti há sórí, ìyókù á tò tẹ̀lé e.

Sítátà, oúnjẹ tí ọmọ adìyẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọmọ adìyẹ ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì kì í jẹun púpọ̀, gbogbo ẹnu kan tó bá jẹ gbọ́dọ̀ kún, owó tí ẹ sì máa rí lórí ìwọ̀nba oúnjẹ yẹn kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ dán ewu wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé sóyà kúrò, kí ẹ ṣírò ohun tó bá a lọ

Ká mú oúnjẹ kílò 100. Ti tẹ́lẹ̀ ní àgbàdo kílò 56, sóyà 33, wheat offal 5, òróró 2, ìyókù jẹ́ egungun lílọ̀, limestone, iyọ̀ àti premix (àpòpọ̀ fítámínì àti mínírà). Ẹ ṣírò púrótéènì rẹ̀: 56 lọ́nà 8.5% jẹ́ 4.76, 33 lọ́nà 44% jẹ́ 14.52, 5 lọ́nà 15.7% jẹ́ 0.79. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20.07. Ó pé bí àpò ṣe fẹ́ ẹ.

Ẹ wá fi ọ̀nà kan náà wo amino acid rẹ̀. Lysine jẹ́ 1.06. Methionine pẹ̀lú cystine jẹ́ 0.65 péré. Ẹ rí i pé 20% yẹn fúnra rẹ̀ kò dé 0.83 tí à ń wá. Ẹni tó ń po 20% láìfi methionine sí i ti ń ná owó sóyà lásán látọjọ́ yìí.

Nísinsìnyí, ẹ gbé sóyà kílò 6 kúrò, kí ẹ fi àgbàdo kílò 6 dí i. Àgbàdo di 62, sóyà di 27.

Púrótéènì: 5.27 àti 11.88 àti 0.79, ó jẹ́ 17.94.
Lysine: 0.161 àti 0.726 àti 0.031, ó jẹ́ 0.918. A fẹ́ 1.10, ó ku 0.182.
Methionine pẹ̀lú cystine: 0.223 àti 0.346 àti 0.028, ó jẹ́ 0.597. A fẹ́ 0.83, ó ku 0.233.
Threonine: 0.180 àti 0.464 àti 0.026, ó jẹ́ 0.670. A fẹ́ 0.73, ó ku 0.060.

Ohun tó kù yẹn kọ́ la máa wọ̀n bẹ́ẹ̀, nítorí èròjà inú àpò kì í ṣe amino acid lódidi. Lysine tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ lysine HCl, lysine gidi tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 78%. Ẹ pín 0.182 sí 0.78, ó jẹ́ kílò 0.233. DL-methionine jẹ́ 99%, ó jẹ́ kílò 0.236. L-threonine jẹ́ 98.5%, ó jẹ́ kílò 0.061. Ibi tí mo ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣì í jù nìyí: wọ́n á wọ̀n gíráàmù 182 lysine, wọ́n á sì rò pé ó ti tó.

Oúnjẹ náà rèé, odindi kílò 100:

Àgbàdo kílò 62
Sóyà kílò 27
Wheat offal kílò 5
Òróró kílò 2
Egungun lílọ̀ kílò 2
Limestone gíráàmù 800
Premix bróílà gíráàmù 250
Iyọ̀ gíráàmù 250
Bicarbonate gíráàmù 150
DL-methionine gíráàmù 240
Lysine HCl gíráàmù 235
L-threonine gíráàmù 60

Bí ẹ bá rò ó pọ̀, ó ku gíráàmù 15 kó pé kílò 100. Ẹ fi àgbàdo dí i, adìyẹ kò ní mọ̀. Agbára oúnjẹ náà wà ní nǹkan bí 2,900 kilocalorie nínú kílò kan.

Bicarbonate tí ẹ rí níbẹ̀ yẹn, tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń pè ní baking soda, ní ìdí tirẹ̀. Sóyà ló ń gbé potassium wọ oúnjẹ, a sì ti gbé kílò 6 rẹ̀ kúrò. Lysine HCl náà tún ń kó chloride wọlé. Bí a bá fi gbogbo iyọ̀ ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ lórí ìyẹn, chloride á pọ̀ ju sodium àti potassium lọ, adìyẹ kò sì ní gbádùn nínú ooru. Nítorí náà la ṣe dín iyọ̀ kù díẹ̀, tí a fi bicarbonate gba ipò rẹ̀.

Premix ńkọ́, ṣebí wọ́n kọ methionine sára rẹ̀? Ẹ ṣírò ó. Ká ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún premix náà jẹ́ methionine. Gíráàmù 250 premix nínú kílò 100 oúnjẹ máa mú gíráàmù 25 wá, nígbà tí à ń wá 240. Kò tó nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ rà á, kí ẹ sì dán an wò

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ra àpò tí a kò tíì tú, tó ní orúkọ ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà ìpele àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí kílò 25 bá pọ̀ jù fún yín, ẹ̀yin àgbẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin ẹ dáwó jọ. Ọ̀rọ̀ èyí tí wọ́n ń tú wọ̀n nínú ọ̀rá fún wa ní kílò kílò, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lysine tún ní oríṣi kejì, lysine sulphate, hóró aláwọ̀ igi. Lysine inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 55% lọ. Kò burú rárá, ṣùgbọ́n gíráàmù 235 máa di nǹkan bíi 330. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè èwo ló jẹ́. Bí kò bá mọ̀, ẹ má rà á.

Àyẹ̀wò díẹ̀ wà tí a lè ṣe nílé. DL-methionine máa ń rùn bí imí ọjọ́, òórùn rẹ̀ kì í fara sin. Ẹ bu ṣíbí kékeré kan sínú ìdajì ife omi tútù, kí ẹ rò ó pọ̀: púpọ̀ nínú rẹ̀ máa jókòó sísàlẹ̀, nítorí kò fẹ́ràn àtiyọ́ nínú omi. Lysine HCl yàtọ̀, ìwọ̀n kan náà máa yọ́ pátápátá láìpẹ́. Èyí tí wọ́n pè ní lysine, tí omi rẹ̀ wá funfun bí omi ẹ̀kọ, tó sì sọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n ti po gààrí mọ́ ẹ̀wà. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí díẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú náà lórí àwo. Bó bá hó, limestone ti wọ inú rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sórí ṣíbí irin àtijọ́, kí ẹ gbé e lé iná níta gbangba, kí ẹ má sì fa èéfín rẹ̀ símú. Amino acid gidi máa dúdú, á jó, kò sì ní fi eérú tó lọ́jú sílẹ̀. Bí eérú funfun bá kù rẹpẹtẹ, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà.

Àwọn kan máa ń bínú pé “kẹ́míkà” ni nǹkan wọ̀nyí. Lysine àti threonine, kòkòrò tí ojú kò rí la fi ń ṣe wọ́n, bí a ṣe ń jẹ́ kí ògì kan. Ṣúgà tàbí sítáàṣì àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Methionine ni wọ́n fi kẹ́míkà kọ́ ní iléeṣẹ́, ìyẹn ló ṣe ń jẹ́ DL, apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Adìyẹ lè yí D padà sí L kó sì lò ó. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún lysine, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé L nìkan ni wọ́n ń tà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ pò ó dénú

Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé kọ́ ní ọjà kò lè wọn gíráàmù 60. Ẹ ra òṣùwọ̀n oníná kékeré tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Agolo mílíìkì, ìbú ọwọ́ àti ìdérí ìgò kò wúlò níbí, nítorí agolo methionine kan àti agolo lysine kan kì í wọ̀n dọ́gba.

Gíráàmù 60 nínú kílò 100, ìwọ̀nba tí adìyẹ kan lè pàdánù pátápátá nìyẹn bí a kò bá pò ó dáadáa. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ gba korobá tó mọ́, tó sì ní ìdérí. Ẹ da àgbàdo lílọ̀ kílò 2 sí i. Ẹ da àwọn amino acid mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, premix, iyọ̀ àti bicarbonate lé e, ẹ dé e, kí ẹ yí korobá náà sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ tún gbé e dìde, títí ẹ kò fi ní rí ibì kan tó funfun ju ibòmíràn lọ. Ẹ da èyí sínú àgbàdo kílò 10 lórí tàpólì, kí ẹ fi ṣọ́bìrì pò ó. Ìgbà yẹn ló tó lọ bá èyí tó kù.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìpòunjẹ ilé ìlọ lẹ ń lò, ẹ má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ da lẹ́búlẹ́bú yẹn sí i ṣáájú, nítorí ìdí ẹ̀rọ ló máa dì sí. Ẹ jẹ́ kí àgbàdo dé ìdajì kí ẹ tó dà á. Òróró ló máa kẹ́yìn. Bí òróró bá ṣáájú, lẹ́búlẹ́bú á dì í mú, á sì so kókó. Ẹ dúró tì í o. Ilé ìlọ kan wà tí mo mọ̀, bí ẹni méjì bá ti ń dúró lẹ́yìn yín ni wọ́n ti máa ń pa ẹ̀rọ.

Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì pò, ẹ kó òkìtì náà láti apá kan lọ sí apá kejì, kí ẹ tún kó o padà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa bu ìdí òkìtì wá sókè, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan wúwo ń sá lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ojú sí i

Ẹ má ti 20 fò sí 18 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ gbé kílò 3 sóyà kúrò, kí ẹ tún ìṣirò ṣe, kí ẹ fi sin agbo kan. Bó bá dára, ẹ wá lọ sí kílò 6. Ohun tí ì bá dára jù ni kí ẹ fi pákó pín ilé kan sí méjì, ọmọ adìyẹ kan náà, ọjọ́ orí kan náà, oúnjẹ àtijọ́ lápá kan, tuntun lápá kejì.

Ẹ máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kí oúnjẹ tó dé, ogún adìyẹ láti apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì ṣa àwọn tó tóbi. Ẹ kọ kílò oúnjẹ tó wọlé sílẹ̀. Lọ́jọ́ títà, ẹ pín gbogbo kílò oúnjẹ tí apá kan jẹ sí kílò tí adìyẹ ibẹ̀ fi kún. Apá tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló fi oúnjẹ díẹ̀ ṣe ẹran púpọ̀.

Ara adìyẹ náà máa ń sọ̀rọ̀. Bí ìyẹ́ kò bá tètè bo ẹ̀yìn, tí wọ́n ń ṣa ìyẹ́ ara wọn jẹ, ẹ fura sí methionine. Bí wọ́n bá ń jẹun tí egungun àyà ṣì ń gún yín lọ́wọ́, ẹ padà sórí lysine. Bí ẹ bá pa ọ̀kan, tí ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rí ni pé amino acid kan kò dé ibi tó yẹ, agbára tí adìyẹ kò rí fi kọ́ ẹran ló fi ṣe ọ̀rá. Ẹ bu pákó fífá ìsàlẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Èyí tó dára máa tú ká bí ẹ bá ṣí ọwọ́. Èyí tó bá dì bí ẹ̀bà ti rin jù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Lysine inú àpò máa ń yára wọnú ẹ̀jẹ̀, ti sóyà máa ń falẹ̀. Bí adìyẹ bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn pàdé. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lẹ ń da oúnjẹ fún wọn, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ tán kíá, púpọ̀ nínú lysine yẹn á ti jóná kí ti sóyà tó dé. Ẹni tí kò lè jẹ́ kí oúnjẹ wà nílẹ̀, kó má dín sóyà kù.

Ẹ má sì rò pé bí 240 bá dára, 500 á dára jù. Nínú gbogbo amino acid, methionine ló léwu jù bó bá pọ̀ jù: adìyẹ á kọ oúnjẹ, á sì dúró sójú kan. Ẹ ka ara oògùn inú omi tí ẹ ń fún wọn náà, nítorí àwọn kan ní methionine nínú.

Ibi tó yẹ kí a dúró

Kí ló dé tí n kò fi sọ pé kí ẹ lọ sí 16%? Ẹ wo valine àti arginine inú oúnjẹ tí a pò lókè. Valine jẹ́ 0.84, ibi tí à ń wá náà jẹ́ 0.84. Kò ṣẹ́kù. Arginine jẹ́ 1.13, a fẹ́ 1.15 tàbí bí 1.16, ó ti ń fà díẹ̀. Bí ẹ bá gbé sóyà kílò kan sí i kúrò, àwọn méjì yìí ló máa di bọ́tìnì tí kò tó, a ó sì ní láti ra tiwọn náà, lẹ́yìn wọn ló kan isoleucine àti glycine. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ní ilé àyẹ̀wò nìyẹn.

Arginine ṣeé tún ṣe pẹ̀lú ohun tó wà lọ́jà wa, ibí yìí sì ni kéèkì ẹ̀pà ti wúlò, nítorí arginine pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti sóyà lọ. Ẹ fi kílò 4 kéèkì ẹ̀pà tó mọ́, tí kò ní ìbu, rọ́pò kílò 4 sóyà, kí ẹ wá fi nǹkan bí gíráàmù 60 kún lysine, 25 kún threonine, 10 kún methionine.

Àgbàdo tuntun tún jẹ́ ìkìlọ̀ kan. Èyí tó ń dé ọjà lóṣù keje àti ìkẹjọ máa ń ní omi nínú, omi kò sì ní amino acid. Bí kò bá tíì gbẹ dé bí 13%, gbogbo ìṣirò òkè yẹn ti yẹ̀.

Owó rẹ̀

Oúnjẹ àtijọ́ náà nílò nǹkan bí gíráàmù 180 methionine àti 46 lysine kó tó pé, nítorí náà ohun tí a fi kún un nítorí pé a dín sóyà kù ni gíráàmù 190 lysine, 60 methionine àti 60 threonine. Ẹ béèrè iye tí kílò kọ̀ọ̀kan jẹ́ lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ pò ó, kí ẹ ṣírò iye tí ìwọ̀nba yìí máa gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ owó kílò àgbàdo kan kúrò nínú owó kílò sóyà kan, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6. Bí èyí bá ju ti amino acid lọ, ẹ pò ó.

Láti ilẹ̀ òkèèrè ni amino acid ti ń wá, bí náírà bá ṣubú, owó wọn á gun òkè. Àgbàdo náà máa ń wọ́n kí tuntun tó dé. Ọ̀sẹ̀ tí méjèèjì bá wọ́n pọ̀, tí ìṣirò kò sì jáde mọ́, ẹ dá sóyà kílò 6 padà, ẹ yọ threonine kúrò, ẹ dín lysine sí gíráàmù 46. Gíráàmù 180 methionine yẹn kò kúrò níbẹ̀.